Owó Ìrànwọ́ Ìjọba fún Àgbẹ̀ ní Ilẹ̀ Olúyọ̀lé

Ẹni tí ó bá ka ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ, èyí tí a tẹ̀ jáde ní 1921, yóò rí i níbẹ̀ pé àgbẹ̀ paraku ni Baṣọ̀run Olúyọ̀lé. Oko ilá rẹ̀ lọ́tọ̀, oko ẹ̀wà lọ́tọ̀, oko ẹ̀fọ́ lọ́tọ̀, ti àgbàdo àti ti iṣu náà lọ́tọ̀. Ní ọjọ́ tí Baṣọ̀run bá kó ọ̀kan nínú àwọn ìre oko wọ̀nyí lọ sí ọjà, àgbẹ̀ mìíràn kò gbọdọ̀ ta irú rẹ̀ ní ọjọ́ náà, nítorí pé tirẹ̀ tó fún gbogbo àwọn aláròóbọ̀ ìlú, ó sì lè tà á ní ọ̀pọ̀ ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Orúkọ Baṣọ̀run yìí ni a fi ń ki Ìbàdàn títí di òní, orúkọ rẹ̀ náà sì ni ìjọba ìbílẹ̀ tí ó fi Ìdí Ayùnrẹ́ ṣe ibùjókòó ń jẹ́. Ìtàn náà dára láti fi ṣáájú ọ̀rọ̀ owó ìrànwọ́ àgbẹ̀, nítorí pé ó fi hàn pé kì í ṣe òní, kì í ṣe àná, ni aláṣẹ ti ń ti ọwọ́ bọ iye tí àgbẹ̀ yóò rí gbà lórí ohun tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìn.

Láti ọjọ́ 29 oṣù Kàrún-ún 2023, nígbà tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin, kò sí ẹni tí ń wọ ọkọ̀ láti Challenge dé Agbowó tí kò mọ gbólóhùn náà, owó ìrànwọ́. Ṣùgbọ́n mímọ ọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí mímọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ìrànwọ́ kì í ṣe ẹ̀bùn, kì í sì í ṣe ìtọrẹ àánú. Ẹni tí a bá ràn lọ́wọ́ láti gbé ẹrù karí, òun náà ni yóò ru ẹrù rẹ̀ dé ilé. Ohun tí a ṣe fún un ni pé a mú un fúyẹ́ ní ibi tí ó ti wúwo jù. Ọ̀nà mẹ́ta ni ìjọba sì lè gbà ran àgbẹ̀ lọ́wọ́ báyìí. Ó lè bù kún iye tí a ń ra ìre oko rẹ̀, kí ọjà má baà já a kulẹ̀. Ó lè dín owó ohun tí àgbẹ̀ ń rà kù, bí ajílẹ̀ òyìnbó, irúgbìn àti oògùn apakòkòrò. Ó sì lè ka owó lé e lọ́wọ́ ní tààrà, ní ìwọ̀n bí ilẹ̀ tí ó ń dá ṣe tóbi tó. Ọ̀nà kẹta yìí wọ́pọ̀ ní Amẹ́ríkà àti ní Yúróòpù. Ọ̀nà kejì ni ilẹ̀ wa mọ̀ jù. Ṣùgbọ́n kí ọ̀kankan nínú wọn tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní agbègbè Ìbàdàn, ó tó ogójì ọdún tí ó jẹ́ pé àgbẹ̀ ni ó ń ran ìjọba lọ́wọ́.

Bí ènìyàn bá dúró ní Dùgbẹ̀ tí ó sì gbé ojú sókè, yóò rí ẹ̀rí ohun tí a sọ yìí. Ilé Kókó, tí a kọ́ parí ní 1965, ti fìgbà kan jẹ́ ilé tí ó ga jù lọ ní ìhà ilẹ̀ olóoru Áfíríkà. Orúkọ tí ó ń jẹ́ kì í ṣe àpèlé lásán, nítorí pé kókó ni ó kọ́ ọ. Ọ̀nà tí kókó fi lè kọ́lé ni pé, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba amúnisìn gba rírà àti títa kókó sí ọwọ́ ara rẹ̀. Lẹ́yìn ogun, ní 1947, wọ́n dá Bọ́ọ̀dù tí yóò máa ta kókó ilẹ̀ Nàìjíríà sílẹ̀. Ní 1954, nígbà tí àwọn ẹkùn gba agbára, ẹkùn kọ̀ọ̀kan gba Bọ́ọ̀dù tirẹ̀, ti Ìwọ̀-Oòrùn sì fìdí kalẹ̀ sí Ìbàdàn.

Iṣẹ́ Bọ́ọ̀dù kò ṣòro láti yé ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àsìkò kókó, yóò kéde iye kan ṣoṣo tí àgbẹ̀ yóò gbà lórí tọ́ọ̀nù kan. Àwọn oníṣòwò tí wọ́n ní ìwé àṣẹ ni yóò lọ rà á ní abúlé, àwọn ayẹkókówò yóò fi òǹtẹ̀ lù ú, Bọ́ọ̀dù yóò sì tà á ní òkè òkun ní iyekíye tí ọjà àgbáyé bá mú wá. Kí á fi ìṣirò àpẹẹrẹ kan là á yé ara wa, kì í ṣe iye inú ìwé ọdún kankan: bí Bọ́ọ̀dù bá ra tọ́ọ̀nù kan ní ọgọ́ta pọ́n-ùn, tí ó sì tà á ní ọgọ́rùn-ún, yóò yọ owó ọkọ̀, owó àpò àti owó iṣẹ́ kúrò, ìyókù yóò sì wọ àpò ìfipamọ́. Àlàyé tí wọ́n ṣe fún àgbẹ̀ ni pé owó náà wà fún ọjọ́ ọ̀dá. Pé bí ọjà àgbáyé bá wó lulẹ̀, inú àpò yìí ni a ó ti mú owó jáde láti fi bù kún iye kókó. Lójú ìwé, nígbà náà, ọ̀nà kìíní owó ìrànwọ́ gan-an ni. Àgbẹ̀ ń fi owó ara rẹ̀ pamọ́ de ara rẹ̀.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ yàtọ̀. Àpò tí ó kún ní ẹ̀gbẹ́ olóṣèlú kì í pẹ́ kún mọ́. Ní 1954 kan náà, onímọ̀ ọrọ̀-ajé P. T. Bauer gbé ìwé kan jáde lórí òwò ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, nínú èyí tí ó ti là á mọ́lẹ̀ pé owó-orí ni àwọn Bọ́ọ̀dù wọ̀nyí ń gbà lábẹ́ orúkọ ìfipamọ́. Ní 1962, Ìgbìmọ̀ Ìwádìí Coker tú ìwé àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn wò, ti Bọ́ọ̀dù náà pẹ̀lú, ó sì hàn gbangba pé owó ńláńlá ti ti ibẹ̀ kọjá sí ibòmíràn. Síbẹ̀, ẹ̀tọ́ kò sí nínú sísọ pé àgbẹ̀ kò rí ohunkóhun gbà padà. Ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1955, owó kókó ni òpó rẹ̀. Ilé tẹlifíṣọ̀n tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní 1959, inú àpò ìjọba tí kókó ń bọ́ náà ni ó ti jáde. Ọmọ àgbẹ̀ tí ó ti Ìdí Ayùnrẹ́ lọ sí ilé ìwé láìsanwó, tí ó di olùkọ́, tí ó di dókítà, baba rẹ̀ ti san owó ilé ìwé náà lórí òṣùwọ̀n kókó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ̀ pé òun ń san án. Ibi tí ẹ̀dùn wà nìyẹn. Owó-orí tí a kò pè ní owó-orí kì í jẹ́ kí ẹni tí ń san án lè béèrè ohun tí a fi ṣe.

Àwọn àgbẹ̀ kò ka ìwé Bauer, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ìṣirò tirẹ̀. Nígbà tí owó kókó wálẹ̀ ní ọjà àgbáyé láàárín 1960 sí 1966, tí iye tí Bọ́ọ̀dù ń san náà sì wálẹ̀, àpò ìfipamọ́ tí ìbá gbà wọ́n sílẹ̀ kò ní agbára náà mọ́. Lẹ́yìn èyí ni ogun abẹ́lé dé pẹ̀lú owó tirẹ̀. Owó-orí ń lọ sókè. Owó omi tí kò sí lẹ́nu ẹ̀rọ, owó ọ̀nà tí kò sí ní abúlé. Àwọn wolé-wolé ń dá owó ìtanràn lé àgbẹ̀ lórí. Akódà sì ń mú ènìyàn nítorí ìwé owó-orí. Ní ìparí oṣù Kọkànlá 1968, àwọn àgbẹ̀ rọ́ wọ Ìbàdàn, wọ́n dé Mápó. Báyìí ni Àgbẹ̀kọ̀yà bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí wọ́n béèrè kò ju òkè mẹ́fà lọ. Ó yẹ kí á dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òde òní a máa rò pé òkè tí a ń gùn ni. Òkè kan ni àpò owó ẹyọ kan, ọ̀kẹ́ kan owó ẹyọ, tí í ṣe ẹgbàá mẹ́wàá. Nígbà tí owó òyìnbó dé, ṣílè márùn-ún ni a kà á sí. Òkè mẹ́fà wá jẹ́ ọgbọ̀n ṣílè, èyíinì ni pọ́n-ùn kan àti ṣílè mẹ́wàá. Iye tí àgbẹ̀ Akanrán gbà pé òun lè san fún ìjọba nìyí ní ọdún kan gbáko, ó sì fi èdè ìṣirò àwọn baba rẹ̀ sọ ọ́. Wọ́n tún ní kí iye kókó lọ sókè, kí a ṣe ọ̀nà, kí a sì kó àwọn wolé-wolé kúrò lọ́rùn wọn. Gómìnà Adéyínká Adébáyọ̀ gbé Ìgbìmọ̀ Ìwádìí kalẹ̀, Adájọ́ Ayọ̀ọlá ni alága rẹ̀, àwọn àgbẹ̀ sì jáde láti rojọ́ níwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba tún rán ọlọ́pàá jáde láti lọ gba owó-orí ní 1969, ìjà padà dé ju ti ìṣáájú lọ. Ní oṣù Keje ni wọ́n pa Ṣọ̀ún Ògbómọ̀ṣọ́, Ọba Ọlájídé Ọláyọdé. Ní oṣù Kẹsàn-án ni àwọn àgbẹ̀ já ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi tí wọ́n sì tú ẹlẹ́wọ̀n sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ṣàn ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Nígbẹ̀yìn, Awólọ́wọ̀ bá aṣáájú wọn, Táfà Adéoyè ti Akanrán, sọ̀rọ̀, ìjọba sì dín owó-orí kù sí pọ́n-ùn méjì. Ó lé ní òkè mẹ́fà ní ṣílè mẹ́wàá péré. A lè bi ara wa léèrè pé kí ni ó dé tí ìjọba kò fi gbà bẹ́ẹ̀ ní 1968.

Lẹ́yìn ogun ni epo rọ̀bì gba ipò kókó nínú àpò ìjọba, ọ̀nà owó sì yí padà. Ìjọba tí kò nílò owó àgbẹ̀ mọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ pé òun yóò ran àgbẹ̀ lọ́wọ́. Ní 1976, Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ kéde ètò Bọ́-Orílẹ̀-Èdè-Yìí; ní 1980, Ààrẹ Ṣéhù Ṣàgàrí mú Ìyípadà Aláwọ̀ Ewéko wá. Láti 1976 náà ni ìjọba àpapọ̀ ti gba rírà àti pínpín ajílẹ̀ òyìnbó, tí àwọn àgbẹ̀ ń pè ní fatiláísà, sí ọwọ́ ara rẹ̀, ó sì ń san èyí tí ó pọ̀ nínú owó rẹ̀. Bọ́ọ̀dù Kókó pàápàá di ti ìjọba àpapọ̀ ní 1977. Ní 1986 ni a pa á rẹ́ pátápátá, pẹ̀lú àwọn Bọ́ọ̀dù ìyókù, nígbà ètò àtúntò ọrọ̀-ajé.

Ètò ajílẹ̀ yìí ni ó kọ́ àgbẹ̀ ní ohun tí owó ìrànwọ́ lè dà. Nígbà tí ohun kan bá ní iye méjì, iye ìjọba tí ó kéré àti iye ọjà tí ó ga, ẹni tí ó bá lè rà á ní èkíní kí ó sì tà á ní èkejì kò nílò oko. Ìwé àṣẹ kan ṣoṣo tó o. Báyìí ni ajílẹ̀ tí a rà ní orúkọ àgbẹ̀ fi ń di ohun tí oníṣòwò ń kó kọjá ẹnubodè. Ó tún ní àsìkò tirẹ̀. Ní agbègbè Ìbàdàn, àkọ́rọ̀ òjò ni a fi ń gbin àgbàdo, ní oṣù Kẹta sí oṣù Kẹrin. Ajílẹ̀ tí ó bá dé ní oṣù Keje, ọmọ àgbàdo ti yọ, wọ́n ti ń bù ú jẹ ní ẹ̀bá ọ̀nà. Lójú ìwé ìṣirò ìjọba, a ti ná owó náà fún àgbẹ̀. Ní oko, kò ṣẹlẹ̀. Ìjọba gba owó ìrànwọ́ náà kúrò ní 1997, ó tún dá díẹ̀ padà ní 1999, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó ń gbà kò yí padà.

Akínwùmí Adéṣínà, tí ó jẹ́ mínísítà ètò ọ̀gbìn lábẹ́ Ààrẹ Goodluck Jonathan, a máa sọ pé nínú ọgọ́rùn-ún àgbẹ̀, mọ́kànlá péré ni ajílẹ̀ ìjọba ń dé ọ̀dọ̀ wọn lábẹ́ ètò àtijọ́. Ní 2012, ó mú ètò tuntun wá tí ó yọ ọwọ́ ìjọba kúrò nínú rírà àti pínpín. A ó kọ orúkọ àgbẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Nígbà tí àsìkò bá tó, a ó fi àmì ránṣẹ́ sí orí fóònù náà. Àgbẹ̀ yóò gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ oníṣòwò tí a yàn, yóò san ìdajì owó àpò ajílẹ̀ méjì, ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ yóò sì pín ìdajì yòókù san. Irúgbìn pẹ̀lú wà nínú rẹ̀. Àwọn aláṣẹ sọ pé orúkọ tí a kọ ju mílíọ̀nù 10 lọ. Ètò tí ó mọ́gbọ́n dání ni, nítorí pé ó gbé owó náà tọ ẹni lọ dípò kí ó gbé e tọ àpò ajílẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ó ní àìlera méjì. Ìjọba kò tètè san gbèsè àwọn oníṣòwò, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì fi owó ara wọn jìyà. Èkejì wà nínú orúkọ tí a kọ gan-an.

Ta ni àgbẹ̀? Ìbéèrè náà dà bí ẹ̀fẹ̀, ṣùgbọ́n òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí rọ̀ mọ́. Kí á wo abúlé kan ní ilẹ̀ Olúyọ̀lé. Ẹni tí ó ni ilẹ̀ ń gbé ní Bódìjà, ó sì ń wá sí abúlé nígbà ọdún. Ẹni tí ń dá oko lórí ilẹ̀ náà ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún un. Ó lè gbin ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo, ṣùgbọ́n kò lè gbin kókó tàbí ọ̀pẹ láìgba àṣẹ, nítorí pé igi tí ń pẹ́ a máa di ẹ̀rí ohun ìní. Ẹni tí ń ro oko fún un lè jẹ́ Àgàtú tàbí Ègùn tí ó gba iṣẹ́ ọdún. Ìyàwó rẹ̀ ni ó ń sọ ẹ̀gẹ́ di gàrí. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ó lè sọ pé iṣẹ́ àgbẹ̀ ni àwọn ń ṣe, òtítọ́ sì wà nínú ọ̀rọ̀ olúkúlùkù. Ṣùgbọ́n nígbà tí aṣojú ìjọba bá dé pẹ̀lú fọ́ọ̀mù tí ó béèrè ilẹ̀ hẹ́kítà mélòó, nọ́ńbà fóònù àti nọ́ńbà báńkì, ẹni Bódìjà ni ó lè kọ gbogbo rẹ̀ láìdúró. Onílẹ̀ yóò kọ́kọ́ wọ ìwé, olóko yóò tẹ̀ lé e bí ó bá ní fóònù, alágbàṣe àti obìnrin onígàrí kò ní sí níbẹ̀ rárá. Kì í ṣe olè ni ó ṣe é. Fọ́ọ̀mù ni.

Irú ọ̀rọ̀ yìí kò mọ ní ilẹ̀ wa. Ní Amẹ́ríkà, láti ìgbà òfin 1933 tí Ààrẹ Roosevelt fi ọwọ́ sí nígbà tí ọjà ìre oko wó lulẹ̀ ni ìjọba ti ń san owó fún àwọn àgbẹ̀, àwọn ìgbìmọ̀ tí àgbẹ̀ fúnra wọn ń dìbò yàn ní agbègbè kọ̀ọ̀kan sì wà nínú ètò náà. Níwọ̀n ìgbà tí ó jẹ́ pé púpọ̀ nínú owó náà ń tẹ̀ lé ìwọ̀n ilẹ̀ àti irú ohun ọ̀gbìn, oko ńlá ni ó ń gba èyí tí ó pọ̀ jù, àwọn onílẹ̀ tí ń gbé ìlú ńlá sì wà lára àwọn tí ń gbà á. Ohun tí ó yàtọ̀ níbẹ̀ ni pé gbogbo ènìyàn lè mọ̀. Ẹgbẹ́ aládàáni kan kó àkọsílẹ̀ ìjọba jọ láti 1995, ó sì tò ó ní agbègbè sí agbègbè, tó bẹ́ẹ̀ tí olùkọ́ ilé ìwé ní abúlé kan lè wo iye tí aládùúgbò rẹ̀ gbà. Àríyànjiyàn kò tán nítorí ìyẹn, ṣùgbọ́n orí ohun tí a rí ni wọ́n ti ń jiyàn.

Ní ilẹ̀ wa, ìgbìyànjú kò dúró. Ní 2015, Báńkì Àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan fún àwọn àgbẹ̀ kéékèèké, ṣùgbọ́n owó yíyá ni èyí, kì í ṣe owó ìrànwọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà á bí ìpín tiwọn nínú owó ìjọba tí wọn kò sì dá a padà. Ní 2023, ìjọba tún padà sí orí ètò àmì fóònù, Báńkì Ìdàgbàsókè Áfíríkà, tí Adéṣínà jẹ́ ààrẹ rẹ̀ nígbà náà, sì yá a lówó láti fi ṣe é. Àlìkámà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. A kì í gbin àlìkámà ní Olúyọ̀lé.

Kókó ni a ń gbìn níbẹ̀, Ilé-iṣẹ́ Ìwádìí Kókó ti orílẹ̀-èdè yìí, tí a dá sílẹ̀ ní 1964, sì wà ní Ìdí Ayùnrẹ́ gan-an. Ní 2024, nígbà tí iye tọ́ọ̀nù kókó kan kọjá ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá dọ́là ní ọjà àgbáyé, àgbẹ̀ Nàìjíríà tí kò ní Bọ́ọ̀dù kankan lórí mọ́ rí owó tí ó sún mọ́ iye náà gbà ju àgbẹ̀ Gánà lọ, nítorí pé Bọ́ọ̀dù ti Gánà, tí òun náà bẹ̀rẹ̀ ní 1947, ṣì ń kéde iye kan fún gbogbo wọn. Àwọn kan rí èyí, wọ́n ní kí ìjọba kúkú má ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní igi kókó ni ọjà gbé sókè ní ọdún náà. Olóko onísákọ́lẹ̀ tí a kò fún ní àyè láti gbin igi kò sí lára wọn. Ẹ̀gẹ́ ni tirẹ̀, ajílẹ̀ tí yóò rà fún àgbàdo àsìkò tí ń bọ̀ sì ti di ọ̀wọ́n. Òun ni owó ìrànwọ́ wà fún, bí ó bá wà fún ẹnikẹ́ni, òun náà sì ni ìwé orúkọ kì í rí. Ìjọba ìbílẹ̀ lè lẹ ìwé orúkọ àwọn tí a kọ sílẹ̀ mọ́ ara ògiri ní abúlé kọ̀ọ̀kan kí oṣù Kejì tó parí, ṣáájú àkọ́rọ̀ òjò. Kò ní ná an ju owó bébà lọ. Àwọn ará abúlé mọ oko ara wọn, wọ́n mọ ẹni tí ọkọ́ rẹ̀ ń kan ilẹ̀, wọ́n sì mọ ẹni tí ó jẹ́ pé ọjọ́ ọdún nìkan ni ọkọ̀ rẹ̀ ń wọ abúlé.